Oògùn Tí Mo Rán Mọ́ Etí Kọ́tìnì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ kà á tán ná. Bí ẹ bá wá fẹ́ bú mi lẹ́yìn ìyẹn, n kò ní bínú, torí èmi fúnra mi ti bú ara mi títí ó fi sú mi.

Télọ̀ ni mí. Aṣọ ilé-ìwé ni mo máa ń rán jù. Iwájú ilé wa gan-an ni ṣọ́ọ̀bù mi wà: yàrá kan ṣoṣo tí mo fi kọ́tìnì búlúù gígùn pín sí méjì, kí àwọn oníbàárà lè rí ibi wọ aṣọ wò. Mẹkáníìkì ni ọkọ mi. Ọmọ kan ṣoṣo la bí, obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà. Bọ́tìnì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí láti ìgbà tó ti ń rákò ló ti ń ṣa bọ́tìnì mi nílẹ̀. Ó ti gbé méjì mì kó tó pé ọmọ ọdún kan.

Mo sì ní àìsàn kan. Báípólà ni dókítà pè é. Ohun tó túmọ̀ sí ní tèmi ni pé inú mi kì í mọ ìwọ̀n. Bó bá ga, n kò ní sùn, n kò ní jẹun, ọ̀rọ̀ á máa dà lẹ́nu mi, màá sì rò pé kò sí ohun tí ọwọ́ mi ò lè ṣe láyé. Bó bá rì, àtidìde lọ wẹ̀ á di iṣẹ́ ńlá, ilé ayé á sú mi pátápátá.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti dá mi dúró ní ọsibítù. Ìgbà kejì, oṣù márùn-ún ni Bọ́tìnì wà. Ìyá ọkọ mi wá sílé wa lọ́jọ́ tí wọ́n dá mi sílẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọn kì í pariwo, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sọ̀rọ̀, ìwọ alára á fẹ́ dìde dúró.

"Ẹ jẹ́ kí n gbé ọmọ yìí lọ," wọ́n ní. "Kì í ṣe pé mo kórìíra ìyàwó mi. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

Ọkọ mi kúnlẹ̀. "Ìyá mi, ẹ fi ọmọ sílẹ̀ fún wa. Dókítà ti rí oògùn tó bá a lára mu. Èmi fúnra mi ni màá máa gbé e fún un láràárọ̀. Bó bá dẹ́kun lílò rẹ̀, ẹ wá gbé ọmọ lọ, n kò ní sọ̀rọ̀."

"O ti sọ ọ́ o," ni wọ́n wí.

"Mo ti sọ ọ́, mà."

Báyìí ni ọkọ mi ṣe fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dúró fún mi. Fún ọdún márùn-ún, láràárọ̀, á gbé ife omi kan àti oògùn kan wá. Á fi lé mi lọ́wọ́, á wá kẹ̀yìn sí mi, á jókòó sórí àpótí, á máa so okùn bàtà iṣẹ́ rẹ̀. Kò wo ẹnu mi rí. Ìgbà kan tí mo fi ṣẹ̀fẹ̀ pé kí ó yẹ̀ mí lẹ́nu wò, ó ní, "Ìyá Bọ́tìnì, ìyàwó ni mo fẹ́ o, èmi kì í ṣe wọ́dà."

Mo lò ó. Mo fi Ọlọ́run búra, fún ọdún márùn-ún ni mo lò ó, inú mi sì wà ní ìwọ̀n. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Díẹ̀díẹ̀ ni. Àkọ́kọ́, mo kàn ń fi òwú gún ìdí abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó wọlé. Nígbà tó yá, mi ò lè rán ihò bọ́tìnì kó dọ́gba mọ́. Tíṣà obìnrin kan wá gba búláòsì rẹ̀, ó wo ìlà tí mo rán sí i léjìká, ó rẹ́rìn-ín.

"Télọ̀, ṣé ẹ mu nǹkan kẹ́ ẹ tó rán eléyìí ni?"

Èmi náà rẹ́rìn-ín. "Máṣíìnì ni, ẹ má bínú. Màá tún un ṣe."

Nígbà tó lọ tán, mo wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì, mo sunkún.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ọ̀gá ilé-ìwé tó ń gbé iṣẹ́ fún mi lọ́dọọdún wá. Aṣọ ọmọ méjìlélógójì ni. Ó kó àwọn ìdì aṣọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò lọ.

"Ẹ kọ́kọ́ rán méjì fún mi wò," ó ní, ojú ń tì í. "Ẹ mọ̀ pé mo fẹ́ràn iṣẹ́ yín. Ṣùgbọ́n àwọn òbí ti ń sọ̀rọ̀."

Ọdún mẹ́tàlá ni mo ti ń ránṣọ. Kò sí ẹni tó sọ fún mi rí pé kí n rán méjì wò, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ mi gbé oògùn fún mi. Ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń so okùn bàtà rẹ̀. Mo fi oògùn sẹ́nu, mo mu omi, mo sì fi ahọ́n tì í sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ọjọ́ kan péré," mo sọ fún ara mi. "Kí n ṣáà rán méjì yìí tán."

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn ọlọ́jọ́ pípẹ́, ẹ mọ "ọjọ́ kan péré" yẹn. Kò sí irọ́ tó dùn-ún gbọ́ létí ẹni bíi rẹ̀.

Ibo ni kí n wá jù ú sí? Ọkọ mi ló máa ń da ìdọ̀tí nù. Mo jù ú sínú ṣáláńgá, mo rí i pé ó léfòó, mo da omi sí i lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo jókòó sídìí máṣíìnì, mo wo yíká, ojú mi wá bọ́ sára kọ́tìnì búlúù yẹn. Mo tú etí rẹ̀ nísàlẹ̀, mo wé oògùn náà sínú àjákù aṣọ, mo tì í bọ inú rẹ̀, mo rán an padà. Ta ni yóò wo etí kọ́tìnì télọ̀?

Mo tilẹ̀ tún tan ara mi. Mo ní n kò sọ oògùn nù, mo kàn fi í pamọ́ ni, bí mo bá ti fẹ́, màá tú u, màá lò ó. Lójoojúmọ́ ni mo ń rán ọ̀kan mọ́ ọn, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì.

Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí ọwọ́ mi fi dúró. Háà! Ẹ ò lè mọ adùn rẹ̀. Mo na ọwọ́ síwájú, kò mì. Mo fi òwú sí abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo rán aṣọ méjì yẹn, ọ̀gá ilé-ìwé yí wọn síwá sẹ́yìn, ó ní, "Télọ̀ wa ti padà dé!" Ó ní kí n máa rán ogójì tó kù lọ.

Àwọn oníbàárà tún ń yin kọ́tìnì. "Kọ́tìnì yín mà rọ̀ tààrà sílẹ̀ o," ni ìyá kan wí. "Kí lẹ fi sí i?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Ìyá náà kò mọ ohun tí ó pa mí lẹ́rìn-ín.

Ohun tó dùn mí jù ni ọkọ mi. Inú rẹ̀ ń dùn. Mo gbọ́ tó ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù: "Ìyá mi, ẹ wá wò ó. Ó ń kọrin nídìí iṣẹ́. Oògùn yẹn mà ń ṣiṣẹ́ o!" Mo jókòó nídìí máṣíìnì, mi ò lè gbé orí sókè. Mo fẹ́ sọ fún un. Mo ti la ẹnu gan-an. Lẹ́yìn náà mo rántí ohun tó sọ lórí eékún níwájú ìyá rẹ̀, mo pa ẹnu mi dé. Bí mo bá sọ ọ́, Bọ́tìnì á lọ.

Nígbà tó di oṣù kejì, oorun sá lójú mi. Kò dùn mí. Mo ń dìde kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ń gbá gbogbo iwájú ilé, tèmi àti ti àwọn aládùúgbò. Ọ̀rọ̀ ń kún inú mi. Gbogbo nǹkan ló ń dán lójú mi, àní títí kan òwú funfun lásán.

"Ìyá Bọ́tìnì, ṣé o ń sinmi ṣá?" ni ọkọ mi bi mí.

"Àbí ẹ ò rí iṣẹ́ ogójì ọmọ nílẹ̀ ni? Ta ló fẹ́ bá mi rán an, ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ju nọ́ọ̀tì mọ́tò lọ?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ síbi iṣẹ́. Ó gbẹ́kẹ̀ lé oògùn. Ó gbẹ́kẹ̀ lé mi.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni ohun tí mo ń sọ yìí ṣẹlẹ̀. Mo jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, mo ń wo àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n ń kọjá nínú oòrùn, ọ̀rọ̀ kan wá sí mi lọ́kàn, ó mọ́lẹ̀ kedere: kí ni wọ́n ń fi aṣọ ilé-ìwé ṣe? Ibòji ló yẹ kí wọ́n ní! Bí mo bá rán gbogbo aṣọ wọn pọ̀ di ọ̀kan ṣoṣo, tí mo ta á sókè láti ẹ̀gbẹ́ títì kan dé èkejì, oòrùn ò ní pa ọmọ kankan mọ́. Mo sunkún nítorí pé ọ̀rọ̀ náà dára. Mo gbé sísọ́ọ̀sì. Aṣọ ogójì ọmọ, èyí tí mo ti rán àti èyí tí mi ò tíì rán, mo gé gbogbo rẹ̀, mo so wọ́n pọ̀. Kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù, aṣọ kún ṣọ́ọ̀bù dé ojú pópó.

Ìwọ̀n títì ló kù. Mo rán téèpù ìwọnṣọ mẹ́sàn-án pọ̀ di ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ di etí kejì mú.

Mo lọ sí ilé-ìwé Bọ́tìnì. Mo sọ fún tíṣà rẹ̀ pé ara ìyá àgbà ò yá. Ó fi ọmọ lé mi lọ́wọ́, ó ní kí Ọlọ́run fún wọn ní àlàáfíà.

"Mọ́mì, kí ló ṣe Màmá Àgbà?"

"Kò sí nǹkan kan. Iṣẹ́ la fẹ́ ṣe. Iṣẹ́ ńlá."

Inú rẹ̀ dùn. Ó máa ń wù ú láti bá mi ṣiṣẹ́. Mo mú un dé etí títì ńlá, mo fi etí téèpù lé e lọ́wọ́.

"Dì í mú dáadáa. Ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, má jẹ́ kó bọ́."

"Mi ò ní jẹ́ kó bọ́, Mọ́mì."

Mo sọdá. Ọkọ̀ ń fun fèrè, àwọn awakọ̀ ń bú mi, mo ń juwọ́ sí wọn. Mo ti dé òdìkejì, mo ń pariwo ìwọ̀n náà, nígbà tí alùpùpù kan já dé. Ẹni tó gùn ún rí mi. Kò rí téèpù. Téèpù kọ́ ọwọ́ alùpùpù.

Bí Bọ́tìnì bá ti jọ̀wọ́ rẹ̀ ni, téèpù lásán ni ì bá lọ. Kò jọ̀wọ́ rẹ̀.

Alùpùpù wọ́ ọ láti etí títì dé àárín. Mo rí bàtà rẹ̀ kan tó fò sókè. Alùpùpù dúró, gbogbo èèyàn ń sáré, ẹnì kan ń ké "Yéè, ọmọ, ọmọ!"

Ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí ni mo fẹ́ sọ báyìí. Èmi náà sáré lọ sáàárín títì. Téèpù ni mo kọ́kọ́ gbé. Mo gbé téèpù tó já, inú bí mi pé ó já, mo ń wá nọ́ńbà tó já sí. Obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí ló gbé ọmọ mi nílẹ̀.

Ọmọ náà ń wò mí láti èjìká obìnrin yẹn. Apá rẹ̀ ọ̀tún ti ṣẹ́. "Mọ́mì, ẹ má bínú," ó ní. "Mo dì í mú o."

Ọsibítù kan náà ni wọ́n gbé àwa méjèèjì lọ, ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, èmi sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Mi ò dákẹ́ ẹnu. Ọkọ mi dé pẹ̀lú epo mọ́tò lọ́wọ́, ìyá rẹ̀ tẹ̀lé e. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi. Dókítà obìnrin tó ń tọ́jú mi mú ìwé àyẹ̀wò wá, ó wo ọkọ mi.

"Ẹ̀jẹ̀ ìyàwó yín kò ní oògùn kankan nínú."

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀," ni ọkọ mi wí. "Lójú mi ló ń lò ó, láràárọ̀. Ẹ tún un yẹ̀ wò."

"A ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, sà."

"Ẹ tún un yẹ̀ wò, mo ní! Ẹ̀rọ yín ló bàjẹ́!" Mi ò gbọ́ ọkọ mi kó pariwo bẹ́ẹ̀ rí. Ó yí sí ìyá rẹ̀. "Ìyá mi, irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ ọn. Mo mọ ẹni tí mo fẹ́." Ó wá bá mi lórí ibùsùn, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú. "Sọ fún wọn. Sọ fún wọn pé o ń lò ó."

Inú mi ṣì wà lókè réré. Mo rò pé ohun ìyanu ni mo ṣe. Mo rẹ́rìn-ín sí i.

"Ẹ lọ wo etí kọ́tìnì," mo ní. "Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Mo rán an dáadáa! Ẹ ò ní rí ojú òwú rárá!"

Ọkọ mi fi ọwọ́ mi sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó jáde.

Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ó fi abẹ tú etí kọ́tìnì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọgọ́ta oògùn ló bọ́ sílẹ̀. Ó kó wọn sínú ife tó fi máa ń gbé omi fún mi, ó gbé e wá fún dókítà. Kò bú mi. Ohun kan ṣoṣo ló sọ, nígbà tí orí mi wálẹ̀ tó láti gbọ́ ọ.

"Ọdún márùn-ún ni mo fi ń kẹ̀yìn sí ọ, kó o má baà rò pé mo ń ṣọ́ ọ."

Ìyá ọkọ mi náà kò bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Nígbà tí wọ́n ti fi ṣìmẹ́ǹtì funfun wé apá ọmọ tán, wọ́n gbé báàgì rẹ̀ kékeré, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. "Ìyàwó mi, mo ń gbé e lọ, bí a ṣe sọ ọ́." Wọ́n wo ọmọkùnrin wọn. Ọkọ mi ń wo ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ àìsàn yìí mọ ohun tó máa ń tẹ̀lé e. Mo rì. Mo rì débi tí mi ò rí ìsàlẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo kọjú sí ògiri, tí mò ń gbọ́ "Mo dì í mú o" létí mi. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì kan pé mo fẹ́ kú. Ó jókòó tì mí, kò dìde títí dókítà fi dé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin yẹn báyìí. Nígbà náà, mo ṣépè fún un.

Ọjọ́ tí mo tó lè jókòó, dókítà béèrè ìdí tí mo fi fi oògùn sílẹ̀. Mo na ọwọ́ mi síwájú, mo sọ fún un nípa abẹ́rẹ́ àti ihò bọ́tìnì. Ó fi ìwé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Oògùn yẹn máa ń mú kí ọwọ́ àwọn kan gbọ̀n. À bá yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, ká dín in kù díẹ̀, tàbí ká fi nǹkan míì tì í lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni."

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo bú sẹ́kún.

Ó ti pé oṣù mẹ́sàn-án. Wọ́n tún oògùn náà wọ̀n fún mi. Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n díẹ̀ láàárọ̀, nítorí náà mo máa ń dúró di ọ̀sán kí n tó rán ihò bọ́tìnì. Ọ̀gá ilé-ìwé yẹn ò tún padà wá, n kò sì dá a lẹ́bi. Ọkọ mi kì í kẹ̀yìn sí mi mọ́. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́. Ó máa ń jókòó kọjú sí mi, á wo bí mo ṣe ń gbé e mì.

Bí ẹ bá ń lo irú oògùn yìí, tó sì ń yọ yín lẹ́nu, ẹ gbé ẹnu yín lọ bá dókítà. Ẹ má gbọ́ ti ẹni tó bá ní ara yín ti yá, pàápàá bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń sọ ọ́.

Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni Bọ́tìnì ṣì wà. Apá rẹ̀ ti jiná, ó kàn wọ́ díẹ̀ níbi ìgúnpá. Láràárọ̀, kó tó lọ sílé-ìwé, wọ́n máa ń gbé fóònù fún un kó pè mí.

"Ẹ káàárọ̀, Mọ́mì."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé o sùn dáadáa?"

"Mo sùn dáadáa. Ṣé ẹ ti lo oògùn yín?"

"Mo ti lò ó."

Mo máa ń gbọ́ èémí rẹ̀ lórí fóònù.

"Ẹ fún Dádì ní fóònù," ni yóò wí.